Ìṣòro àwọn onílé tó ń gba ayálégbé ní Abẹ́òkúta

Gbígba ayálégbé sílé jẹ́ ọ̀nà ìjẹ-ìmu pàtàkì fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, oníṣòwò àti ọmọ tó jogún ilé bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ohun tó ń da irú onílé bẹ́ẹ̀ láàmú kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá: owó ilé tí kò wọlé lásìkò, ilé tó ń bàjẹ́, ìjà lórí omi àti iná, àti ayálégbé tó kọ̀ láti kó jáde. Àmọ́ àpáta tí ìlú náà tẹ̀dó sí, àwọn ilé ẹbí tó pọ̀ láàárín ìlú, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá gbà lọ́dọọdún ló mú kí ti Abẹ́òkúta yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tó sì wà nídìí púpọ̀ nínú wọn ni àdéhùn ẹnu tí kò sí ìwé kankan tó gbè é lẹ́yìn.

Owó ilé

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ayálégbé tuntun san owó ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀, pẹ̀lú owó ẹjẹ́ǹtì àti owó ìwé àdéhùn. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà mú wàhálà wá. Ìgbà tí owó yẹn bá tán, tí ayálégbé wá ń mú owó wá ní díẹ̀díẹ̀, ni ìdàrúdàpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí onílé kò bá kọ rìsíìtì tó sọ oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún. Tó bá yá, onílé á ní gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ayálégbé á ní òun ti san án tán, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi là wọ́n.

Àfikún owó ilé náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, sìmẹ́ǹtì, páànù àti iṣẹ́ ọwọ́ gbówó lórí, débi pé owó tí ayálégbé àtijọ́ ń san lè má tó tún òrùlé ṣe mọ́. Onílé tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti sọ ìgbà tí owó yóò lé sí i kì í rí ìjà tó ẹni tó ṣàdédé kéde owó tuntun.

Ní Ọbáńtokò àti Camp, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà lára àwọn tó ń gba yàrá jù. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì ní ọdún 2022, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ilẹ̀kùn pa lọ sílé nírú àkókò bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ sì tán, onílé kò lè fi ẹlòmíràn sí yàrá tí ẹrù wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ẹni béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bó bá ti gba orúkọ òbí tàbí onígbọ̀wọ́ sílẹ̀.

Ilé ẹbí

Ní àdúgbò àtijọ́ bíi Aké àti Ìtòkú, ìbéèrè tó ṣáájú owó ilé ni ta ni onílé gan-an. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà Yorùbá sọ ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, dáwódù a sì máa mójú tó o, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Ayálégbé lè san owó fún ọmọ kan, kí òmíràn tún dé láti Èkó kó béèrè. Bí ẹbí kò bá fẹnu kò, ẹjọ́ gan-an a máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ayálégbé yóò béèrè pé orúkọ ta ni wọ́n fi pe òun lẹ́jọ́. Ìwé kan tí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí, tó dárúkọ ẹni tí yóò máa gba owó, ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìjà tó ti sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá.

Ilẹ̀, omi àti iná

Irú àpáta tí Olúmọ jẹ́ náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹni tó ń gbẹ́ ṣáláńgá tàbí kànga lè kan òkúta kó tó jìn, kòtò tí kò jìn yóò tètè kún, kànga tí kò jìn yóò sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, ta ni yóò sanwó àwọn tó ń fa ṣáláńgá? Ìbéèrè tó yẹ kí ìwé àdéhùn ti dáhùn ni. Ní ìdí odò, òjò ọdún 2018 fi hàn bí omíyalé ṣe lè ba ilé jẹ́ kó sì gba ẹ̀mí. Ti iná kò nira tó bẹ́ẹ̀: kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, kí gbèsè ẹni tó ti kó lọ má baà já lé àwọn tó kù lórí.

Gbígba ilé padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ òmíràn, ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn tí àkókò náà bá pé, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje tó sọ pé òun ń lọ sí kóòtù. Ẹjẹ́ǹtì tí onílé kò fún ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ kọ ìwé náà, nítorí kóòtù lè dà á nù, kí gbogbo rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Onílé tó bá tún gba owó ilé lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ ti pé lè ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di asán.

Ṣíṣí páànù, yíyọ ilẹ̀kùn tàbí pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ láti fi lé ayálégbé jáde lòdì sí òfin, ó sì ń fi ẹbí àti ọmọdé sínú òjò. Ayálégbé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ onílé, kódà bó bá jẹ gbèsè. Lẹ́yìn ìdájọ́, akódà kóòtù nìkan ló ní àṣẹ láti kó ẹrù jáde.