Bí kéèjì agẹmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn

Nínú àwọn agẹmọ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn, ẹ̀yà méjì ló wọ́pọ̀ dáadáa. Ọ̀kan ní ṣónṣó gíga lórí, Yẹ́mẹ̀nì àti Saudi Arébíà ni ilẹ̀ rẹ̀. Èkejì, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń tàn yòò, wá láti erékùṣù Madagásíkà. Orí igi àti igbó kéékèèké ni àwọn méjèèjì ń gbé. Gbogbo ohun tí igi ń ṣe fún wọn níbẹ̀ ni kéèjì gbọ́dọ̀ máa ṣe: oòrùn, ìrì, afẹ́fẹ́, ibi gíga, ewé tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, agẹmọ kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ara rẹ̀ á máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, ó sì máa ń fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi le. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù bà jẹ́, ilé ẹni tó rà á ló sábà máa ń hàn sí.

Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣì ṣe jù. Gílóòbù méjì ló yẹ kó wà lókè kéèjì, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ wà fún ooru. Ara agẹmọ kì í mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yá oòrùn kí oúnjẹ tó lè dà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka tó sún mọ́ gílóòbù yìí yẹ kó gbóná tó nǹkan bí 30°C fún àgbà, kí ìsàlẹ̀ sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ẹranko náà lè gòkè wá ooru, kó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá tó o. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á pa gílóòbù náà.

Gílóòbù kejì ń tan ìtànṣán UVB, tí ó wà nínú oòrùn ṣùgbọ́n tí ojú èèyàn kò rí. Òun ló ń jẹ́ kí awọ agẹmọ ṣe fítámì D3, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí ara gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ. Níbi tí kò bá sí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù yọ nínú egungun. Ẹsẹ̀ á wọ́, àgbọ̀n á rọ̀, ahọ́n kò ní lè nà bó ṣe yẹ mọ́ láti fi mú ìrẹ̀. Ọmọ agẹmọ ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé àsìkò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gan-an ni egungun rẹ̀ ń dàgbà kíákíá.

Ohun méjì ló sì máa ń tan ọlọ́jà jẹ níbí. Gíláàsì máa ń dínà UVB, nítorí náà kéèjì tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí a tì kò rí nǹkan gidi gbà lára oòrùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni UVB inú gílóòbù máa ń dín kù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dín kù: ó lè ṣì mọ́lẹ̀ rekete kí ó má sì ṣe agẹmọ láǹfààní kankan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, irú gílóòbù ló ń pinnu.

Ní ti omi, ìrì tó ń kán lórí ewé ni agẹmọ ń lá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ka omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú abọ́ sí ohun mímu, òùngbẹ lè gbẹ ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi jìn wọnú, kí abọ́ sì kún nísàlẹ̀. Omi ni kí wọ́n máa fọ́n sára ewé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kéèjì gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin tó há mọ́ inú afẹ́fẹ́ tí kò lọ tí kò bọ̀ ló ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí wọ́n fi yan kéèjì onínẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ti gíláàsì náà lè ṣiṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, tó ń gba òkè jáde.

Àgbà agẹmọ ẹ̀yà méjèèjì nílò kéèjì tó tó nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 60 ní jíjìn, 120 ní gíga. Ṣọ́ọ̀bù lè sọ pé àyè kò tó, ó yéni. Èyí tí kò yéni ni gbígbé kéèjì sórí ilẹ̀. Òkè ni ẹyẹ apẹranjẹ ti máa ń já lu agẹmọ, nítorí náà gbogbo oníbàárà tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó ń dẹ́rù bà á. Pẹpẹ gíga ti tó láti yanjú èyí.

Agẹmọ kì í fẹ́ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá kó ọmọ agẹmọ mẹ́wàá sínú kéèjì kan, àwọn tó tóbi á gba ibi yíyá oòrùn àti oúnjẹ, àwọn kékeré á máa gbẹ lọ. Kódà akọ méjì tó wà nínú kéèjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń rí ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní sinmi. Pátákó kan ni kí wọ́n fi dí àárín wọn. Àwọ̀ tó dúdú kirikiri tí oníbàárà rò pé ẹwà ni lè jẹ́ ìpayà. Abo ẹ̀yà ti Yẹ́mẹ̀nì sì máa ń yé ẹyin láìjẹ́ pé akọ gùn ún rárá. Bí kò bá sí yanrìn ọlọ́rinrin tó jìn tó fún un láti gbẹ́, ẹyin lè há sí i nínú kó sì pa á.

Ẹni tó fẹ́ rà á lè wo ojú agẹmọ lọ́sàn-án gangan: ó yẹ kó là sílẹ̀, kó máa yí kiri. Kó wo ẹsẹ̀ bóyá ó gún. Lẹ́yìn náà, kó béèrè oṣù tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù UVB gbẹ̀yìn. Bí ọlọ́jà kò bá mọ̀ ọ́n, kò lè mọ ipò tí egungun agẹmọ náà wà.