Ikọ́ ife: Ìdí tí oògùn oṣù mẹ́fà kò fi gbọdọ̀ di ti oṣù méjì

Kò sí ọ̀rọ̀ tó sú mi í gbọ́ ní yàrá tí mo ti ń rí àwọn aláìsàn ní Iléṣà tó èyí: "Dókítà, ara mi ti yá, mo ti dá oògùn yẹn dúró." Ẹni tó ń sọ ọ́ á ti sanra díẹ̀, ikọ́ rẹ̀ á ti rọlẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ewu tí òun fẹ́ kó ara rẹ̀ sí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa ikọ́ ife. Kì í ṣe àṣàsí, kì í ṣe májèlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè ìdílé. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí i. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ranni. Bí ẹni tí kòkòrò náà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin tàbí tó ń sọ̀rọ̀, yóò bá èémí rẹ̀ jáde, yóò sì wà nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi fà á símú. Abọ́ àti kọ́ọ̀pù kì í kó o ranni, síbẹ̀ abọ́ ni ẹ máa ń yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn, tí ẹ ó sì ti gbogbo fèrèsé yàrá tí ẹ jọ ń sùn pa.

Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, ẹ wá ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni a ń béèrè fún àyẹ̀wò náà, kì í ṣe itọ́. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Ohun tó ki, tó sì ń fà, ni kí ẹ tu sínú ike tí a bá fún yín.

Oògùn 4 ni a ń lò pọ̀ fún oṣù 2 àkọ́kọ́: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Lẹ́yìn náà, rifampicin àti isoniazid yóò máa bá iṣẹ́ lọ fún oṣù 4 sí i. Àwọn kòkòrò tó ń bí sí i kíákíá ni oògùn ń kọ́kọ́ pa, òun ni oúnjẹ fi ń wù yín jẹ, tí òógùn òru fi ń dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọn kì í bí sí i bọ̀rọ̀, oògùn kì í sì tètè rí wọn pa. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró ní oṣù kejì, àwọn wọ̀nyí ló máa jí dìde. Bí ẹ bá sì ń lò ó lónìí, tí ẹ ń fò ó lọ́la, èyí tí oògùn ò ràn nínú wọn ni yóò ṣẹ́kù, òun náà ni yóò sì máa bí sí i.

Ìtọ̀ yín yóò pupa; rifampicin ló fà á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí rẹ̀ da oògùn nù. Bí funfun ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ìríran bá ń ṣe bàìbàì, ẹ tọ̀ wá wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tó ń polówó agbo "gbogbo ikọ́" nínú ọkọ̀ ń bí mi nínú gidigidi. Wọn kò yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni wò, wọn kò bi aláìsàn bóyá ọmọdé wà nílé, wọn á kàn gbowó, wọn á sì bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Èmi fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ n kò jẹ́ sọ irú ikọ́ tó ń ṣe ènìyàn láìṣe àyẹ̀wò.

Ọkùnrin kan wà tó ń wa góòlù ní abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, eruku òkúta tó ń fà símú sì jẹ́ ohun tó máa ń mú kí àrùn yìí tètè rí ẹ̀dọ̀fóró gbé ṣe. Ní oṣù kejì tó ti ń lo oògùn ikọ́ ife, ara rẹ̀ yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan tó ní ọ̀tá ilé ló ń ṣe é, pé kó jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó. Nígbà tó fi padà dé, egungun àyà rẹ̀ ṣe é kà, àyẹ̀wò sì fi hàn pé rifampicin kò ran kòkòrò ara rẹ̀ mọ́. Oògùn mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló kù fún un. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 3 ni ìyá gbé sẹ́yìn tẹ̀ lé e. Irú kòkòrò kan náà ti wọ òun náà lára. Ìyá ọmọ bi mí pé, "Dókítà, ṣebí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ nígbà tí mo bí i?" Òótọ́ ni, àjẹsára BCG máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ èyí tó burú jù nínú àrùn yìí, irú èyí tó ń wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò náà pátápátá.

Nítorí náà, bí a bá ti rí ikọ́ ife lára ẹnì kan nínú ilé, ẹ kó gbogbo ará ilé wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wá, nítorí oògùn ìdènà wà tí a lè fún wọn kí àrùn náà tó gbilẹ̀.