Pápákọ̀ òfurufú Santa Monica: ilé ló ká a mọ́

Ilẹ̀ oko tẹ́lẹ̀ ni ibi tí pápákọ̀ òfurufú Santa Monica wà lónìí, ní ìpínlẹ̀ California. Orí koríko lásán ni bàlúù ti kọ́kọ́ ń gbéra níbẹ̀. Ní 1923 wọ́n sọ ọ́ ní Clover Field, ní ìrántí Greayer Clover, awakọ̀ òfurufú tó kú sí ilẹ̀ Faransé lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Lóṣù kẹta 1924, bàlúù mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ Donald Douglas ṣe fún àwọn ológun gbéra níbẹ̀ lọ sí Seattle, kí wọ́n tó lọ yí ayé po. Méjì péré nínú wọn ló yí i délé, ṣùgbọ́n òkìkí ti kàn.

Ní 1926 ìjọba ìlú ra ilẹ̀ náà. Owó tí ará ìlú fọwọ́ sí pé kí wọ́n yá fún páàkì ni wọ́n fi rà á. (Ẹ má gbàgbé páàkì yìí o.) Douglas kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, níbẹ̀ ni DC-3, bàlúù akérò tí ó ṣe, sì ti kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 40,000. Ta ló fẹ́ máa rìn jìnnà lọ síbi iṣẹ́? Ilé ń hù lójoojúmọ́ ní àdúgbò Sunset Park, títí ó fi dé ẹnu rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí bàlúù ń sáré lé kó tó gbéra.

Ẹ̀rù bọ́ǹbù ilẹ̀ Japan ń ba gbogbo ènìyàn nígbà náà. Wọ́n ta wáyà àti aṣọ tapólì bo ilé iṣẹ́ náà, wọ́n to ayédèrú ilé sórí rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ṣe igi. Àwọn tó ń ya àwòrán fún sinimá ní Warner Brothers bá wọn dá ọgbọ́n sí i. Ẹ wò ó: nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi bo pápákọ̀ lójú ọ̀tá, ilé ni wọ́n rí.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tí ayé jẹ́ẹ̀tì dé, Douglas fẹ́ ṣe bàlúù jẹ́ẹ̀tì ńlá kan, DC-8, rọ́nwéè ibẹ̀ sì kúrú fún un. Kí ó tó lè gùn sí i, ilé gbọ́dọ̀ wó. Àwọn ará àdúgbò, tí owó oṣù Douglas ló kọ́lé fún púpọ̀ nínú wọn, ní àwọn ò gbà. N ò rí wọn bá wí. Douglas kó DC-8 lọ sí ìlú Long Beach, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fò ní 1958. Nígbà tó fi máa di 1975, ilé iṣẹ́ ti Santa Monica ti kógbá sílé.

Ojú òfurufú náà há. Pápákọ̀ ńlá Los Angeles kò jìnnà sí i ju nǹkan bíi máìlì márùn-ún lọ. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, bàlúù kékeré á dúró nílẹ̀ títí wọ́n á fi rí àyè fún un láàárín àwọn ti Los Angeles. Bó bá sì gbéra, wọ́n ní kó yà gba orí pápá gọ́ọ̀fù Penmar, kí ariwo rẹ̀ má baà dà sórí òrùlé àwọn ènìyàn. Orí pápá gọ́ọ̀fù yìí náà ni Harrison Ford, òṣèré sinimá, já sí ní 2015 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bàlúù rẹ̀ kú.

Ìjọba ìlú fẹ́ lé jẹ́ẹ̀tì; ilé ẹjọ́ ní kò tọ́, ní 1979. Wọ́n fẹ́ ti pápá náà pa. Ìjọba àpapọ̀ yọ ìwé 1948 jáde, èyí tí wọ́n fi dá pápá náà padà fún ìlú lẹ́yìn ogun, pé pápákọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 2014 àwọn olùdìbò ní bí pápákọ̀ bá kúrò níbẹ̀, páàkì àti ibi ìgbafẹ́ ni kó dípò rẹ̀, àyàfi tí àwọn bá tún dìbò lé nǹkan mìíràn. Ní 2017 wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ fẹnu kò: rọ́nwéè tó jẹ́ 4,973 ẹsẹ̀ bàtà di 3,500 kí ọdún náà tó parí, ìlú sì lè ti pápá náà lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2028.

Àwọn jẹ́ẹ̀tì ńláńlá tí kò lè balẹ̀ níbẹ̀ mọ́ wá ibòmíràn lọ. Púpọ̀ wọn gba pápákọ̀ Van Nuys, ní Los Angeles, lọ, àwọn ará ibẹ̀ náà sì ti ń pariwo.