Bí ahéré ṣe ń di abà: ìtàn, ilẹ̀ àti èrò inú àwọn abúlé oko Ìbàdàn

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà nínú ìgboro, mẹ́fà sì yí ìgboro ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọnà-Ará. Inú mẹ́fà yìí ni àwọn abà, ìyẹn abúlé oko, wà. Òmíràn kò ju ilé mẹ́wàá lọ, òmíràn sì ti ní ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń ti inú ọkọ̀ wò ó lè rò pé ìlú kéékèèké tó dá dúró ni wọ́n. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abà jẹ́ apá kan nínú ilé tí apá kejì rẹ̀ wà ní ìgboro, ní Bẹẹrẹ, ní Kúdẹtì, ní Òde Ajé. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ìtàn abà kò ní yé e, iye èèyàn tó ń gbébẹ̀ kò sì ní yé e rárá.

Ìlú ogun ni Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun Òwu ti tú agbègbè náà ká, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú jókòó síbẹ̀, wọn ò sì kúrò mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun gbọ́dọ̀ jẹun. Olóyè kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ lẹ́yìn odi, ó kó ẹrú àti ìwọ̀fà síbẹ̀, oúnjẹ sì ń wọlé láti oko nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lójú ogun. Balógun Ìbíkúnlé lókìkí fún oko ńlá gẹ́gẹ́ bó ṣe lókìkí fún ogun. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, náà ní oko tó kún fún ẹrú. Kò yẹ ká gbàgbé àwọn ẹrú wọ̀nyẹn nígbà tí a bá ń sọ ẹni tó tẹ abà dó, torí ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ gé igi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko tí orúkọ olóyè wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Oríṣi oko méjì ni wọ́n ní nígbà náà. Oko etílé ni èyí tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà sùn sílé. Oko ẹgàn jìnnà, inú igbó dúdú ni. Ẹgàn tó wà ní gúúsù àti ìlà-oòrùn, lápá Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀, kò ṣeé fọkàn balẹ̀ dá oko sí, nítorí pé nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, àwọn ajínigbé ń ká àgbẹ̀ mọ́ oko. Lẹ́yìn tí ogun parí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì bá Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé ní 1893, igbó yẹn ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ mọ́ dojú kọ ọ́.

Ohun tí wọ́n bá pàdé ni kòkó. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J.P.L. Davies, oníṣòwò kan ní Èkó, ti gbin kòkó lápá Agége. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lágbàṣe nínú oko kòkó Agége kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, wọ́n di irúgbìn mọ́ ẹrù, wọ́n gbé e lọ sí ìlú wọn. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó wá di pé ohun tí a bá ká ní ẹgàn Ìbàdàn lè dé etíkun láìjẹ́ pé èèyàn rù ú.

Bí abà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹnì kan nínú ẹbí, ọdẹ lọ́pọ̀ ìgbà, á rí igbó tó dára nítòsí odò, á sọ fún mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé rẹ̀. Nítorí pé ibẹ̀ jìnnà, á kọ́ ahéré: òpó igi, ògiri amọ̀, òrùlé koríko tàbí ewé gbòdògì. Ahéré kì í ṣe ilé. Ibi ìdáná ni, ibi ìkó-èso-sí ni, ibi tí èèyàn ń sùn sí bí iṣẹ́ bá pọ̀. Nígbà tó bá yá, ìyàwó á bá a lọ, àbúrò á kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rẹ́ á wá tọrọ ilẹ̀. Bí ahéré bá ti pé márùn-ún tàbí mẹ́fà lójú kan, abà ti dé. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi pè é, wọ́n sì lè fi igi pè é, bíi Ìdí-Ayùnrẹ́, tàbí iṣẹ́, bíi Ọlọ́dẹ.

Kì í ṣe gbogbo abà ló ń pẹ́. Nígbà tó jẹ́ pé iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbìn, ilẹ̀ a máa ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àgbẹ̀ á fi í sílẹ̀ kó sinmi, á ṣí lọ síwájú, ahéré á wó. Kòkó ló yí èyí padà. Wọn kì í gé gbogbo igi igbó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbìn ín: wọ́n á dá àwọn igi ńlá sí fún ìbòji, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sáàárín, kòkó kékeré á máa dàgbà lábẹ́ wọn. Àgbẹ̀ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí kòkó tó so. Lẹ́yìn èyí, ewé kòkó á pàdé lókè, oòrùn ò ní kan ilẹ̀ mọ́, kò sí oúnjẹ tí yóò tún ṣe dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Ohun méjì ló ń tẹ̀yìn èyí jáde. Àgbẹ̀ ní láti wá ilẹ̀ míràn tí yóò máa gbin oúnjẹ sí, nítorí náà abà ń fẹ̀. Kò sì lè ṣí lọ, torí pé igi kòkó lè máa so fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yìí ni páànù rọ́pò koríko lórí òrùlé, tí sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ahéré wá di ilé.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tí abà yóò jẹ́. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni Ìbàdàn wà. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta tàbí Oṣù Kẹrin, ó máa ń pọ̀ jù ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Lápá gúúsù, ní Olúyọ̀lé àti Ọnà-Ará, ilẹ̀ ń tutù pẹ́, kòkó, obì àti ọ̀pẹ sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ apá ibẹ̀, ní Gáḿbàrí lẹ́bàá Ìdí-Ayùnrẹ́, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó orílẹ̀-èdè yìí, CRIN, wà láti 1964. Bí èèyàn bá kọrí sí àríwá, sí Mọníyà àti Ìjàyè, koríko ń pọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀rùn ń gùn sí i, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu ló gba ibẹ̀. Gàárì ń ti abà àríwá wá, kòkó ń ti abà gúúsù wá. Abà kì í wà ní àfonífojì. Orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé sí, wọ́n á fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún àkùrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti ilá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn obìnrin ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ló ń gé ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń yan án. Àwọn ló ń gbé e lọ sí ọjà ọrọọrún. Àwọn abà tó wà nítòsí ara wọn kì í ná ọjà lọ́jọ́ kan náà, kí alájàpá láti ìgboro lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Ètò ìjọba abà náà, ìgboro ló ti ń ṣàn wá. Baálẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, àmọ́ kò lè fi ara rẹ̀ jẹ. Mọ́gàjí ẹbí rẹ̀ ní ìgboro gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, àwọn olóyè Ìbàdàn ló sì ń fi í jẹ. Ó ń parí ìjà ààlà, ó ń gba àlejò, ó ń mú ilẹ̀ fún ẹni tó bá tọrọ. Ọ̀ràn tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, ìgboro ló ń gbà lọ.

Àlejò tó bá tọrọ ilẹ̀ á mú obì àti ọtí wá, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í sábà pọ̀ nígbà àtijọ́. Ẹ̀rí ni: bí ó bá ti ń san án, ó ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ibi tó ti ń le ni igi. Ẹni tó gbin iṣu yóò wa iṣu rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó gbin kòkó ti fìdí múlẹ̀, torí igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onílẹ̀ fi máa ń sọ fún àlejò pé oúnjẹ nìkan ni kó gbìn.

Ta wá ni ń gbé abà? Ìdáhùn yí padà láti ìran dé ìran. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàbá, àwọn ìyàwó àti ọmọ ni, wọ́n ń pín ara wọn láàárín oko àti ilé. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n á ṣe àáró, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, tàbí kí àgbẹ̀ se oúnjẹ kó pe ọ̀wẹ̀. Iléyá, Kérésìmesì, ọdún egúngún, ìgbéyàwó, ìgboro ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí àgbà bá kú lóko, wọ́n á gbé e lọ sin sínú ilé baba rẹ̀ ní ìgboro. Fún ìgbà pípẹ́, abà tó ti dàgbà tó ọgọ́ta ọdún lè má ní sàréè àgbà kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Oṣù Kìíní 1955, ọmọdé fi oko sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà. Ohun rere ni ẹ̀kọ́ yẹn, iye rẹ̀ kò ṣeé díwọ̀n, ṣùgbọ́n ó gba ọwọ́ iṣẹ́ lóko. Ìjọba kan náà gbìyànjú láti dá ọ̀dọ́ padà. Láti 1959 ó dá àwọn ibùdó oko tuntun sílẹ̀, tí wọ́n fi ti Ísírẹ́lì ṣe àwòkọ́ṣe, ọ̀kan wà ní Akùfọ̀ nítòsí Ìbàdàn. Owó púpọ̀ wọ ibẹ̀, ilé tò lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò lè dúró títí igi yóò fi so. Wọ́n lọ, nígbà tí abà tí ẹnikẹ́ni kò ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó wá dí àyè náà ni àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá: Ìgbìrà, Àgàtú, Tífì, Ègùn. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọdún kan fún owó tí wọ́n ti dá, wọ́n á gba owó lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á lọ. Àwọn mìíràn jókòó, wọ́n bímọ, ọmọ wọn sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ọ̀pọ̀ abà lónìí, àwọn gan-an ló ń sùn síbẹ̀ láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá.

Agbára tí abà tó tú káàkiri yìí ní hàn gbangba ní 1968 àti 1969. Owó orí ti ga, iye tí ìjọba ń san lórí kòkó kò tó nǹkan, àwọn akódà sì ń fìyà jẹ àgbẹ̀. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde, Táfà Adéoyè ní Akánrán wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Ìròyìn ń ti abà dé abà nítorí pé gbogbo wọn ti mọra lọ́jà àti nínú agboolé kan náà ní ìgboro. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akánrán, ìjọba sì din owó orí kù.

Kíka èèyàn abà ló wá le jù. Ìkànìyàn Nàìjíríà máa ń ka ẹni síbi tí wọ́n bá a. Ní Oṣù Kẹta 2006, ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé abà yóò pè ní ilé? Ọ̀pọ̀ wọn á padà sí ìgboro kí ọjọ́ tó pé, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó yẹ kí orúkọ àwọn wà. Ẹni tó ń fi oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún sun abà di ará ìgboro lórí ìwé. Lódì kejì, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ní èèyàn tó lé ní 280,000 nínú ìkànìyàn yẹn, Ìdó sì ní nǹkan bí 103,000. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá ju Ìdó lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìgboro ló ti ṣàn wọ Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ló kún ibẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi iye yìí pín ilé-ìwòsàn àti ọ̀nà, abà tó ń bọ́ ìlú ló máa ń gba èyí tó kéré jù, ó sì dunni, nítorí pé kì í ṣe àìsí èèyàn ló fà á.

Ìgboro kò tíì dúró. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ní Mọníyà ti sọ oko di ilẹ̀ ilé. Bí ó ṣe ń lọ ni pé àwọn ọmọ onílẹ̀ á pín oko sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n á tà á, ilé á yọ láàárín ẹ̀gẹ́, ẹgbẹ́ onílé á dìde, ó sì di pé baálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ yẹn jọ ń ṣàkóso ibì kan náà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ní abà, ẹbí ṣì ló ń tà. Ẹni tí èyí ń pa lára jù ni àtọ̀húnrìnwá tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ tàbí tí ìjọba gbà á, owó ilé rẹ̀ àti owó igi àti irè oko tó wà lórí ilẹ̀ ni yóò gbà, bí wọ́n bá san án. Owó ilẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí tó wà ní ìgboro, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sun abà náà rí.