Bí Owó Àtúnṣe Ilé Ṣe Wọ Inú Bílì Iná

Ìdílé tí iná ń ṣòfò nínú ilé rẹ̀ jù lọ ni kì í sábà ní owó tí yóò fi dá òfò náà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbé sólà sórí òrùlé, tàbí kó fẹ́ dí gbogbo ihò tí ooru ń gbà jáde nínú ilé, ó gbọ́dọ̀ kó owó ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èrè rẹ̀ wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àní fún ogún ọdún. Bílì iná oṣooṣù ni wọ́n fi wá yanjú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ lò ó yàtọ̀ pátápátá.

Ní ìparí ọdún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Electric Home and Farm Authority. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn ìdílé lè ra fìríìjì, sítóòfù oníná àti ẹ̀rọ amómigbóná láwìn. Ilé-iṣẹ́ iná ló ń bá wọn gba owó àwìn náà pọ̀ mọ́ owó iná. Ìjọba ń mú iná jáde ní àfonífojì Tennessee, ó sì fẹ́ kí àwọn èèyàn máa lò ó dáadáa. Èyí ni pé nítorí kí iná tí àwọn èèyàn ń lò lè pọ̀ sí i ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi gbèsè sínú bílì. Wọ́n ti àjọ náà pa ní 1942.

Ọ̀wọ́ngógó epo rọ̀bì ọdún 1973 ló yí nǹkan padà. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ ibùdó tuntun tí yóò máa pèsè iná ti wọ́n débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan rí i pé ó sàn fún wọn kí oníbàárà dín iná tó ń lò kù. Ní 1978, Pacific Power ní Oregon bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn onílé lówó láìgba èlé, kí wọ́n fi dí ilé wọn lọ́nà tí ooru kò fi ní máa jò jáde. Ó di ọjọ́ tí onílé bá ta ilé náà kó tó dá owó padà. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n onílé nìkan ló ṣe lóore.

Ayálégbé ńkọ́? Onílé kò ní tún ilé ṣe, torí òun kọ́ ló ń san owó iná. Ayálégbé náà kò sì ní náwó sí ilé tó ṣeé ṣe kó kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe há síbẹ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn tó tú u ni Harlan Lachman àti Paul Cillo ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Wọ́n pe ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Pay As You Save. Lójú tèmi, kò tíì sí èrò tó jinlẹ̀ tó èyí nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò so owó náà mọ́ ẹnikẹ́ni, mítà ni wọ́n so ó mọ́. Ilé-iṣẹ́ iná ló ń sanwó iṣẹ́ náà, ẹni yòówù tó bá ń gbé ilé náà ni yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Tó bá kó jáde, ẹni tó bá kó wọlé ni yóò máa bá a lọ, nítorí òun náà ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Kò sí pé à ń wo ìtàn gbèsè ẹnikẹ́ni kó tó di pé a gbà á wọlé.

Àmọ́ ààbò tó wà nínú ètò náà ni mo fẹ́ràn jù. Owó tí ìdílé yóò máa san kò gbọ́dọ̀ ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó iná tí wọ́n ṣírò pé yóò dín kù. Iye ọdún tí wọ́n yóò fi san án kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá ọgọ́rin ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ni pé láti oṣù àkọ́kọ́ ni nǹkan kan ti ń ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìdílé. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí wọn kò tíì tún un ṣe, wọn yóò dá owó gbígbà dúró.

New Hampshire ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ní 2007, Midwest Energy ní Kansas gbà á, wọ́n sì pè é ní How$mart. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń pín iná ní ìgbèríko ló tẹ̀ lé e. Ní 2011, àwọn ẹgbẹ́ South Carolina lo ètò tó jọ ọ́ lórí ilé 125, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni tiwọn. Iná tí àwọn ilé náà ń lò fi nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Lọ́dún 2005, Tùnísíà gba ọ̀nà tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná. Báńkì ibẹ̀ kì í fẹ́ yá èèyàn lówó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú ètò PROSOL, STEG, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, gbà láti máa bá báńkì gba owó náà nínú bílì fún ọdún márùn-ún. Ọkàn báńkì balẹ̀, wọ́n sì tú owó sílẹ̀.

Bírítéènì ni kò yọrí. Ètò Green Deal bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2013. Mítà ni wọ́n so gbèsè rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ṣòfin pé sísan kò gbọ́dọ̀ ju èrè tí wọ́n ṣírò lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi àlàfo kankan sílẹ̀ fún ìdílé bíi ti Vermont, èlé rẹ̀ sì ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé mílíọ̀nù 14 ni ìjọba ń lérí pé ètò náà lè dé títí di 2020. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ owó rẹ̀ dúró ní oṣù keje 2015, ìdílé bíi 14,000 péré ló ti yá a.

Ìbéèrè kan wà tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ohun tó jẹ́ kí àwọn olówó fọkàn tán ètò yìí ni pé wọ́n lè já iná ẹni tí kò bá san. Àwọn kan sọ pé láìsí ìyẹn, èlé yóò ga, àwọn tálákà kò sì ní rí ètò náà lò. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà oníbàárà sọ pé kò yẹ kí òkùnkùn jẹ́ ìyà ẹni tí gbèsè sólà wọ̀ lọ́rùn. Èmi gbà pẹ̀lú wọn níbi tí kò bá ti sí òfin ìdá ọgọ́rin, torí níbẹ̀, ìṣirò tó bá ṣì lè sọ àtúnṣe ilé di ìdí tí wọ́n fi já iná ìdílé.