Ẹsẹ̀ ló ń sunkún, kì í ṣe irin: ọ̀rọ̀ gìtá pedal steel

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí wọn kò ka orin mìíràn sí lẹ́yìn country. Jim Reeves ni wọ́n gbọ́ dàgbà nílé bàbá wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn onírun gígùn ilẹ̀ California tí wọ́n po country mọ́ rock ní nǹkan bí 1968 sí 1977. Bí ohùn kan bá ti ń fà nínú orin bí ẹni tó ń dárò, ẹ̀gbọ́n mi á na ìka sókè: "Pedal steel nìyẹn!" Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni pẹ́dà inú orúkọ yẹn ń ṣe. Wọ́n á ní nǹkan bíi wah-wah ni, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi dárà sóhùn, pé irin tó ń yọ̀ lórí okùn ló ń sunkún gan-an.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nísinsìnyí, pẹ́dà yẹn á ṣì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan.

Bí pedal steel ṣe rí nìyí: ẹ fojú inú wo tábìlì tóóró kan, okùn mẹ́wàá nà sórí rẹ̀. Ẹni tó ń lù ú jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di irin roboto kan tó wúwo mú, ó kàn gbé e lé okùn, kò tẹ̀ ẹ́ kan igi. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí pẹ́dà mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí òmíràn tó ń dín ariwo rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un. Orúnkún méjèèjì náà kò jókòó lásán, wọ́n ń ti àwọn irin kéékèèké sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ tábìlì.

Ẹni tó bá rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ á mọ bí búrékì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá irin ni, kì í ṣe wáyà: ẹ fa ti ọwọ́, ọ̀pá fa ọ̀pá, rọ́bà sì di rímù táyà mú. Abẹ́ gìtá yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Pẹ́dà fa ọ̀pá, ọ̀pá fa ìdí okùn, okùn le sí i, ohùn rẹ̀ gòkè. Okùn tí wọ́n yàn fún pẹ́dà yẹn nìkan ló ń fà, ó sì níbi tí wọ́n ti dá a dúró sí kó má baà kọjá ààyè.

Ẹ jẹ́ ká fi solfa gbé e, torí ẹni tó bá ti bá kúáyà kọrin rí kò ní pẹ́ tó fi máa yé e. Àwọn ará Nashville, ìlú tí orin country fi ṣe ilé ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to okùn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní E9. Ẹ gbé irin síbì kan, kí ẹ ta okùn mẹ́ta: doh, mi, soh. Ẹ tẹ pẹ́dà àkọ́kọ́, soh gùn lọ sí lah. Ẹ tẹ ìkejì, mi gùn lọ sí fa. Doh kò mira, irin pàápàá kò kúrò níbi tó wà. Ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ sókè: lah sọ̀ kalẹ̀ sí soh, fa sọ̀ kalẹ̀ sí mi, doh ṣì dúró gbọnin. Ẹ ti gbọ́ ọ rí o. "Àmín" tí kúáyà fi ń pa orin ìsìn dé ni.

Ibẹ̀ ni ẹkún ọ̀hún wà: ohùn kan dúró, òmíràn ń fà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu. Irin tó ń yọ̀ kò lè dá ṣe é. Bí irin bá gbéra, gbogbo okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e pọ̀, bí àgùntàn ṣe ń tọ ara wọn lẹ́yìn. (Àwọn ọ̀gá lap steel, ìyẹn èyí tí kò ní pẹ́dà, mọ bí wọ́n ṣe ń mú irin fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn okùn má baà tẹ̀ lé e bákan náà, ṣùgbọ́n agbára ọgbọ́n yẹn ní ibi tó mọ.)

Fífi irin yọ̀ lórí okùn ti wà tipẹ́. Ilẹ̀ Hawaii ló ti wá. Joseph Kekuku ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó dá a sílẹ̀, ní nǹkan bí 1889. Pẹ́dà náà ti wà ṣáájú kí ẹkún tó dé, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pa jíà ọkọ̀ dà ni wọ́n ń lò ó, láti kúrò nínú ètò okùn kan bọ́ sí òmíràn. Bud Isaacs, onígìtá irin kan, ló gbé e dé ibòmíràn ní 1953, nígbà tó ń bá Webb Pierce, olórin country, gba orin "Slowly" sílẹ̀. Ó tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún, àwọn olùgbọ́ sì gbọ́ bí ohùn ṣe ń gùn lọ. Orin náà gba ipò kìíní láàárín àwọn orin country ní 1954. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn onígìtá irin yòókù ti ń wá bí tiwọn náà á ṣe sunkún.

Nígbà tí country rock fi máa dé, etí ti mọ ohùn yìí débi pé ó ń gbọ́ ọ níbi tí kò sí. "Running on Empty" ti Jackson Browne, 1977, wà lára èyí tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń búra lé lórí. Lap steel ni, David Lindley ló lù ú, kò sí pẹ́dà kankan níbẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa, gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ lọ pọ̀ ni.

Èyí tó le jù ni "Peaceful Easy Feeling" ti àwọn Eagles, 1972. Mo dá ẹ̀gbọ́n mi láre lórí ìyẹn, torí ohùn kan dúró níbẹ̀ lóòótọ́ tí òmíràn sì ń fà. Síbẹ̀, gìtá tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ni Bernie Leadon fi ṣe é. Gene Parsons àti Clarence White ti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní B-bender, wọ́n gbẹ́ inú gìtá Telecaster láti fi í sí. Béèyàn bá ti ọrùn gìtá sísàlẹ̀, bẹ́líìtì èjìká á fa irin inú rẹ̀, okùn kan ṣoṣo á sì gòkè. Nítorí kí gìtá lásán lè sunkún bíi pedal steel ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá ṣì í gbọ́ kò jẹ̀bi.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Rusty Young ti ẹgbẹ́ Poco fi pedal steel rẹ̀ gba inú sípíkà Leslie tó ń yí, ọ̀pọ̀ sì rò pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbọ́. Sneaky Pete Kleinow ti Flying Burrito Brothers fi fuzz sí tirẹ̀ ní 1969 títí ohùn rẹ̀ fi ń ha gooro. Irú ẹ̀rọ oníná tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ni fuzz yẹn, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ pátápátá sí pẹ́dà tó wà nínú orúkọ gìtá.

Bó bá jẹ́ ibi téèyàn ti lè gbọ́ ojúlówó rẹ̀ láìsí àníàní ni, "Teach Your Children" ti Crosby, Stills, Nash & Young ni mo máa ń tọ́ka sí. Jerry Garcia ló lù ú, kò sì tíì pẹ́ tó kó wọnú pedal steel nígbà yẹn. Kò sí àrà tó le níbẹ̀. Pẹ́dà méjì tí mo sọ lókè yẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún.

Ọ̀kan tún wà tí mo fi pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu mọ́. Mo fi "Graceland" ti Paul Simon, 1986, sí i fún wọn lórí fóònù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi na ìka sókè: "Pedal steel nìyẹn! Ọmọ Nashville nìyẹn!" Mo ní pedal steel ni lóòótọ́, àmọ́ Demola Adepoju ló ń lù ú, ẹni tó ń lù ú fún King Sunny Adé nínú àwo "Juju Music" ti 1982. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n dá orin náà padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sétí, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ òsì wọn ń rọra tẹ ilẹ̀.