Bí jẹ́lé-ó-sinmi ṣe máa ń mọ́ ọmọ lára

Àárọ̀ Mọ́ńdè níwájú kíréèṣì l'Ékòó, aago mẹ́fà ààbọ̀, ọmọ ti di ọrùn ìyá ẹ̀ mú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé tà, ántí ń fà á látẹ̀yìn, ìyá ń wo aago torí gosíló ò mọ̀ pé ọmọ ń ké. Ẹni tó bá ń kọjá á ní wọ́n ti kẹ́ ọmọ náà bà jẹ́. Kò sí ìkẹ́jù kankan nínú ẹ̀ o. Ọpọlọ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ló ń fa ẹkún yẹn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọmọ oṣù mẹ́ta mẹ́rin, ẹni tó bá ṣáà ti gbé e dáadáa tó fún un lóúnjẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a jà. Tó bá ti tó bí oṣù méje sí mẹ́jọ, ó ti mọ ojú tiwa yàtọ̀ sí ojú àlejò, ó sì ti mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà níbì kan kódà tóun ò rí i. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, torí ó mọ̀ pé ìyá ti lọ, àmọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. "Ó lọ" àti "kò ní padà mọ́", ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí máa ń le jù láti bí oṣù 10 sí oṣù 18.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 12 ló fún ìyá ọmọ, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń dé kíréèṣì kí wọ́n tó mọ̀ọ̀yàn rárá. Irú wọn kì í yọni lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ìyá, á rẹ́rìn-ín. Tó bá wá di oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ kan náà á déédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, làwọn ìyá á bá máa sọ pé ántí ti ṣe ọmọ àwọn ní nǹkan. Ó yẹ kí wọ́n wádìí lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ dàgbà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kára ọmọ balẹ̀ ńbẹ̀ kì í ṣe tọ́ì, kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, èèyàn kan ni. Ẹnì kan pàtó tó mọ bó ṣe ń ké tébi bá ń pa á àti bó ṣe ń ké toorun bá ń kùn ún. Àwọn Yorùbá tó wà ní London mọ èyí dáadáa, torí nílẹ̀ England, dandan ni kí nọ́ọ̀sìrì yan òṣìṣẹ́ kan ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí ò sì tíì pé ọdún méjì, òṣìṣẹ́ kan ò gbọdọ̀ mójú tó ju mẹ́ta lọ. Nílé níbí, kíréèṣì tí ántí méjì ti ń tọ́jú ogún ọmọ pọ̀, síbẹ̀ ìyá lè bi wọ́n pé, "Ántí wo gan-an ni yóò máa gba ọmọ mi láàárọ̀?" kó sì ní kó jẹ́ ẹni yẹn lójoojúmọ́ fọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó lọ.

Àwọn ará Jámánì ní ètò kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Berlin pè. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òbí á jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá fún bíi wákàtí kan, kò ní lé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ó kàn wà ńbẹ̀ ni, tó bá dọjọ́ kẹrin á dágbére, á jáde fúngbà díẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Tí ántí bá lè rẹ ọmọ lẹ́kún, wọ́n á máa fi àkókò kún un díẹ̀díẹ̀, tí kò bá lè rẹ̀ ẹ́, wọ́n á ṣe sùúrù. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ò lè ráyè ìyẹn tán, àmọ́ ìyá àgbà lè jókòó, bàbá ọmọ náà lè jókòó, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan kí líìfù tó tán.

Oorun tún ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń sùn látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ooru ara ìyá, ẹsẹ̀ tó ń rìn, orin. Ní kíréèṣì wọ́n á tẹ́ ẹ sórí máàtì, á lajú sílẹ̀. Ó dáa kí wọ́n ti máa tẹ́ ẹ sùn nílé ṣáájú. Kí ìyá sì fi ọ̀já tó ń lò sínú báàgì pẹ̀lú fidá àti pámpá, láìfọ̀ ọ́, kí òórùn ara ẹ̀ wà ńbẹ̀. Tí ántí bá fi ọ̀já yẹn pọ̀n ọ́n níṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, èémí ẹ̀ á rọlẹ̀. Tó bá ti sùn, kí wọ́n yọ ọ̀já náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, kó má lọ bò ó nímú.

Èyí tó ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni ẹ̀tàn. "Wo ẹyẹ lókè yẹn!", kọ́mọ tó bojú wẹ̀yìn, ìyá ti pòórá. Kò sẹ́kún ní géètì lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ ohun tọ́mọ kọ́ ni pé tóun bá fi lè gbójú kúrò lára ìyá òun, ó parí, nítorí náà kò ní gbójú kúrò mọ́, á máa tẹ̀ lé e dé ilé ìwẹ̀, lóru á máa ta jí wò bóyá ó ṣì wà. Kí wọ́n dágbére fún un ló dáa, kó má gùn: "Mọ́mì ń lọ síbi iṣẹ́. Tó o bá jẹun tán, tó o sùn, tó o jí, mọ́mì á wá mú ẹ." Kò mọ aago mẹ́rin, ó mọ oúnjẹ, ó mọ oorun. Kí ìyá wá má padà yọjú lójú fèrèsé, ẹkún tuntun nìyẹn máa ń dá sílẹ̀, kó sì rí i pé òun dé lásìkò tóun sọ.

Tọ́mọ bá rí ìyá ẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó bú sẹ́kún, ìyẹn ò fi hàn pé wọ́n lù ú. Ó ti ń pa á mọ́ra látàárọ̀ ni, ó wá rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Á tún ké ní Mọ́ńdè, á ké lẹ́yìn ibà, lẹ́yìn Kérésì. Èyí tó yẹ kó kani láyà ni kó má jẹun rárá fọ́jọ́ bíi mélòó kan, àpá lára, kẹ́rù ẹnì kan pàtó máa bà á, tàbí kó máa sùn lọ fọnfọn ju bó ṣe ń sùn nílé, torí àwọn kan máa ń fún ọmọ lóògùn kó lè sùn. Ìyẹn kì í ṣohun tí wọ́n ń mú mọ́ra o, kí wọ́n gbé ọmọ kúrò ńbẹ̀.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba mẹ́fà. Ẹkún géètì kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti mọ́ ọn lára, àwọn kan á ṣì máa ké díẹ̀ lóṣù kẹta. Ọjọ́ tó bá ṣubú nínú ọgbà, tó dìde, tó wò yíká, tó wá gbé orúnkún tó bó lọ bá ántí ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló mọ́ ọn lára.